Púlì fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń polówó fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀: kí ẹ tó yọ ti àtilẹ̀wá dànù, ẹ ka èyí

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó lítà kan sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà bọ́ sí nǹkan bíi 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí àwọn onímọ́tò kò tíì dá láti dín epo tí ọkọ̀ wọn ń mu kù. Àwọn kan kò tan éésì mọ́ bó ti wù kí oòrùn mú tó. Àwọn kan ta ọkọ̀ ńlá, wọ́n fi owó rẹ̀ ra kékeré. Àwọn mìíràn sì ń tẹ́tí sí gbogbo ohun tí wọ́n bá ti sọ pé ó lè mú kí ẹ́ńjìnnì yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀kan lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ́tò ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni púlì kíráńkì tó fúyẹ́, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù gbẹ́, tí wọ́n sì kùn ní àwọ̀ pupa tàbí búlúù tó ń dán gbinrin. Ohun tí àwọn tó ń tà á ń sọ ni pé bí èèyàn bá yọ púlì onírin tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tó sì fi èyí rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa sáré bí ẹṣin, epo yóò sì máa pẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ará Èkó nìkan. Ẹni tó bá mọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa mọ̀ pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló gba ìgboro méjèèjì kan. Láti Òwódé ní Ọ̀yọ́ títí dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, Sienna tó ń kó èrò, Camry àti Corolla tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gùn, Micra tó ń ṣe kábúkábú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti sin ẹlòmíràn fún ọdún gbọọrọ lókè òkun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí yóò jẹ́ kí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ ẹni ló yẹ kí á máa wá, nítorí owó tí èèyàn fi ń ra òmíràn lónìí kò kéré rárá. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á tú ọ̀rọ̀ púlì yìí palẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Kí ló dé tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi jẹ́ kó wúwo? Kí ni èèyàn ń jèrè bó bá fúyẹ́, kí ló sì ń pàdánù?

Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, tí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí fáànù bẹ́líìtì wà, ẹ ó rí àwọn irin roboto mélòó kan tí bẹ́líìtì náà ká mọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó sì sábà máa ń tóbi ju àwọn yòókù lọ, ni púlì kíráńkì. Òun ló ń fa bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ló sì ń yí gbogbo àwọn yòókù: alternator tó ń fi iná sínú bátìrì, páwà sítíárìn tó ń jẹ́ kí ọwọ́ ọkọ̀ rọ̀, éésì, àti nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù tó ń gbé omi kiri kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ fífa bẹ́líìtì nìkan ni púlì yìí ń ṣe ni, kò ní sí àríyànjiyàn. Irin tàbí alumíníọ̀mù, èyíkéyìí tó bá ti yí bẹ́líìtì ti tó. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, púlì náà ní iṣẹ́ kejì tí ojú kò rí, iṣẹ́ kejì yìí ló sì mú kí àwọn tó ṣe ọkọ̀ jẹ́ kó wúwo.

Kí iṣẹ́ kejì náà tó lè yéni, a ní láti mọ ohun tí kíráńkì ń fojú rí nínú ẹ́ńjìnnì. Kíráńkì ni irin gbọọrọ oníkọ́rọkọ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ àwọn písítìnì. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣe ń tẹ pẹ́dà títí tí pẹ́dà fi ń yí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn písítìnì ṣe ń ti kíráńkì títí tó fi ń yí. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: ẹsẹ̀ rọra ń tẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iná ló ń bú gbàù lórí písítìnì tó fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo obìnrin mẹ́rin tó yí odó kan ká, tí wọ́n ń gún iyán, tí ọmọ odó wọn ń bọ́ sínú odó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọn kò sì sinmi. Bí ọ̀rọ̀ kíráńkì ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì onípílọ́ọ̀gì 4 bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná yóò bú nínú rẹ̀ ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan náà, èyí tó jẹ́ ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ti onípílọ́ọ̀gì 6 jẹ́ ìgbà 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní gbogbo ìgbà tí iná bá bú bẹ́ẹ̀, kíráńkì máa ń lọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fún omi kúrò lára aṣọ tó fọ̀. Bí agbára iná náà bá ti kọjá, irin náà á tún tú ara rẹ̀ padà. Ojú kò lè rí ìlọ́ yìí, nítorí kò tó nǹkan rárá, irin náà sì nípọn. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Apá ibi tó ti ń le jù ni iwájú kíráńkì, níbi tí púlì wà, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti so mọ́ fíláìwíìlì tó wúwo, tí kì í jẹ́ kó mì púpọ̀ níbẹ̀.

Ìlọ́ àti ìtú yìí kò lè ba kíráńkì jẹ́ lásán. Ewu dé nígbà tí ìbú iná bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìwọ̀n tí irin náà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa mì. Ẹ rántí bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣeré jáńgílọ́fà. Bí ẹni tó ń ti ọmọ náà kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó tì í, jáńgílọ́fà kò ní lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n bó bá ń tì í ní kété tó bá padà dé ọwọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ lo agbára, díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa ròkè tí ẹ̀rù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Bákan náà, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n eré kan tàbí méjì tó jẹ́ pé bó bá ti dé ibẹ̀, ìlọ́ kékeré yóò máa gun orí ara wọn títí yóò fi di ńlá.

Bí irin bá ń lọ́ tó ń tú ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà, ohun tí yóò gbẹ̀yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti wáyà tí ọmọdé ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Wáyà náà kì í já ní àkọ́tẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gbóná, ojú rẹ̀ yóò sán tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ni yóò wá já lójijì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì onípílọ́ọ̀gì 6, tí kíráńkì wọn gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kíráńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Henry Royce, ọ̀kan lára àwọn méjì tó dá ilé iṣẹ́ Rolls-Royce sílẹ̀, wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i. Frederick Lanchester, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ṣíṣe nígbà náà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ojútùú tirẹ̀ lọ́dún 1910. Ohun tí àwọn méjèèjì rí ni pé bí a bá so irin wíwúwo kan mọ́ iwájú kíráńkì lọ́nà tí kò fi ní le gbagidi mọ́ ọn, irin náà yóò máa fa ọwọ́ kíráńkì sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbọ̀n, ìgbọ̀n náà yóò sì rọlẹ̀.

Orí ọgbọ́n yìí náà ni ọ̀pọ̀ púlì òde òní dúró lé. Bí ẹ bá wo púlì náà dáadáa láti iwájú, ẹ ó rí i pé irin méjì ni. Irin inú ni wọ́n fi bóòtì dè mọ́ kíráńkì. Irin òde tó nípọn, tó sì wúwo, ni bẹ́líìtì ń gbà kọjá. Láàárín méjèèjì ni rọ́bà kan wà tó yí po. Rọ́bà yẹn ló dà bí òṣùká tí alárù máa ń ká sórí kó tó gbé ẹrù. Ẹrù wà lórí, orí kò sì fara gbá a. Bí kíráńkì bá gbọ̀n, irin òde kò ní tètè tẹ̀ lé e nítorí ìwúwo rẹ̀. Rọ́bà àárín ni yóò máa fa ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí yóò sì sọ ìgbọ̀n náà di ooru lásán. Èyí ló fà á tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ fi ń pè é ní “harmonic balancer” tàbí “damper”, wọn kì í pè é ní púlì lásán.

Ẹ wá wo púlì alumíníọ̀mù tí wọ́n ń polówó. Irin kan ṣoṣo ni, kò ní rọ́bà, kò sì wúwo. Yóò fa bẹ́líìtì dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ kejì yẹn láéláé. Ẹni tó bá fi í sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú púlì onírọ́bà ti ká òṣùká kúrò lórí alárù, ó sì ní kí ó máa sáré lọ.

Kí ló lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Àkọ́kọ́ ni kíráńkì tó lè sán, tó sì lè ṣẹ́. Ìkejì ni àwọn bẹ́árìnì tó gbé kíráńkì dúró, tí wọ́n lè tètè jẹ. Ìkẹta ni bóòtì tó de púlì mọ́ kíráńkì, tí ìgbọ̀n lè máa tú díẹ̀díẹ̀. Ìkẹrin ni pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, iwájú kíráńkì gan-an ló ń yí eyín pọ́ọ̀ǹpù yìí, bí ibẹ̀ bá sì ń gbọ̀n jù, eyín náà lè fọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì kò bá sì yí ká inú rẹ̀ mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún un. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń fi bí kíráńkì ṣe ń yí mọ̀ bóyá pílọ́ọ̀gì kan kò ṣiṣẹ́. Bí ìgbọ̀n bá pọ̀ jù, ó lè máa tan iná ìkìlọ̀ sí awakọ̀ lójú nígbà tí kò sí ohun tó ṣe pílọ́ọ̀gì.

Kò sí èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so púlì náà mọ́ ọkọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí. Ẹni tó ti lò ó fún ọdún kan tàbí méjì yóò fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò rí nǹkan kan. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, nítorí pé ó lè má sáré dé ìwọ̀n eré tó léwu fún ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé irin náà ṣì ń ka tirẹ̀ lọ ni. Wáyà tí a ti tẹ̀ ní ìgbà 20 tí kò tíì já kò túmọ̀ sí pé wáyà náà kò lè já.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé fíláìwíìlì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ fíláìwíìlì yàtọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí láìṣe fàà-dúró, kó má baà kú láàárín ìbú iná kan sí èkejì. Ẹ̀yìn ló wà, iwájú kíráńkì ni ìlọ́ sì ti ń le jù. Ẹni tó di ìdí igi mú ṣinṣin kò tíì ní kí orí igi má mì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mìíràn ń tọ́ka sí ọkọ̀ ìdíje. Wọ́n gbàgbé pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje kì í lò ju ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ lọ kí wọ́n tó tú u palẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ohun tó bá yẹ. Àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lo púlì tí kò ní ohun tó ń mú ìgbọ̀n rọlẹ̀. Èyí tó lágbára ju ti ọkọ̀ lásán lọ ni wọ́n ń rà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tó ń jẹ́ SFI tó ṣe òfin lórí bí púlì amúgbọ̀nrọlẹ̀ ọkọ̀ ìdíje ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó, kó má baà fọ́ sáfẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí burúkú.

Ó yẹ kí á sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tọ̀tún tòsì. Gbogbo ẹ́ńjìnnì kọ́ ni púlì rẹ̀ ní rọ́bà láti ilé iṣẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké kan wà tó jẹ́ onípílọ́ọ̀gì 3 tàbí 4, tí kíráńkì wọn kúrú, tó sì le, tó jẹ́ pé irin kan ṣoṣo ni àwọn tó ṣe wọ́n fi sí i. Nínú irú èyí, púlì fífúyẹ́ tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, tí ìbú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtilẹ̀wá, kò yọ ààbò kankan kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tún wà tó jẹ́ pé nítorí kí ariwo bẹ́líìtì lè rọlẹ̀ ni wọ́n ṣe fi rọ́bà sí púlì wọn. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín rọ́bà tó wà fún ariwo àti rọ́bà tó wà fún ààbò kíráńkì. Nítorí náà, ìlànà tó dájú ni pé bí ẹ bá ti rí rọ́bà lára púlì tó bá ọkọ̀ yín wá, ẹ má fi èyí tí kò ní rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ wá lágbára jù fún àwọn onípílọ́ọ̀gì 6, irú èyí tó wà nínú Sienna tó ń kó èrò láàárín Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin.

Èrè ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wò ó. Ká ní púlì àtilẹ̀wá wọn kìlógíráàmù 2.5, tí ti alumíníọ̀mù sì jẹ́ kìlógíráàmù 1, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀. Òótọ́ ni pé ohun tó ń yí máa ń ni ẹ́ńjìnnì lára ju ohun tó jókòó jẹ́ẹ́ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ sáré. Ṣùgbọ́n púlì kò fẹ̀ tó fíláìwíìlì, ohun tí kò bá sì fẹ̀, yíyí rẹ̀ kì í ni ẹ́ńjìnnì lára púpọ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò náà fún ọkọ̀ kékeré lásán, ìrọ̀rùn tí ẹ́ńjìnnì yóò rí ní jíà àkọ́kọ́ kò ju ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹrù bíi kìlógíráàmù 9 kúrò nínú bùtù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 tí kò kún tán. Ní jíà tó ga jù lọ, kò tó kìlógíráàmù 1. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń lọ ní eré kan náà láìyí padà, bí ìgbà tí èèyàn bá gbéra ní Ọ̀yọ́ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, èrè náà di òfo pátápátá, nítorí pé ohun tó ti ń yí tẹ́lẹ̀ kò béèrè agbára tuntun nítorí ìwúwo rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dín owó epo kù yóò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ń fún táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, tó ń pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti fíltà afẹ́fẹ́ lásìkò, tó sì kó ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú bùtù.

Irú púlì kan tún wà tí wọn kò kàn jẹ́ kó fúyẹ́ nìkan. Wọ́n dín ìbú rẹ̀ kù pẹ̀lú. Wọ́n ní kí ó máa yí alternator àti éésì díẹ̀díẹ̀, kí agbára lè ṣẹ́kù fún táyà. Èyí lè fún ẹ́ńjìnnì ní agbára díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń gbà padà. Ká ní púlì kíráńkì fẹ̀ tó mìlímítà 150, ti alternator sì jẹ́ 60. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan, alternator yóò máa yí ní ìgbà 1,750. Bí wọ́n bá dín púlì kíráńkì kù sí mìlímítà 120, alternator kò ní lè yí ju ìgbà 1,400 lọ. Fún àwa tí oòrùn ń pa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọjọ́ ọjà, tí éésì, fáànù, iná àti rédíò ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò rìn, bátìrì lè máa kú, éésì lè má tutù mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé bẹ́líìtì yìí náà ló ń yí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù, ẹ́ńjìnnì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Bó ti wù kó rí, ní agbègbè wa, púlì alumíníọ̀mù kọ́ ni ewu tó pọ̀ jù. Púlì àtilẹ̀wá tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó ló pọ̀ jù. Rọ́bà kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ọ́ìlì, kò sì fẹ́ ogbó. Nínú ọkọ̀ tó ti lo ọdún 15 tàbí 20, rọ́bà náà lè ti sán, kí irin òde máa yọ́ rìn lórí irin inú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ amúgbọ̀nrọlẹ̀ ti dópin, bẹ́líìtì yóò máa jẹ létí, yóò máa han, ìró kan tó dà bíi ti ẹ́ńjìnnì tó ti kọ́ọ̀kì lè máa jáde. Àwọn èèyàn sì ti tìtorí irú ìró bẹ́ẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láìnídìí.

Lọ́jọ́ tí irin òde náà bá já kúrò pátápátá, bẹ́líìtì yóò bọ́. Ẹ wo awakọ̀ tó kó èrò kún Sienna, tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́, tí tírélà ń bọ̀ níwájú, tí òmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ọkọ̀ yóò le, iná bátìrì yóò tàn, ooru ẹ́ńjìnnì yóò sì máa lọ sókè. Ẹ̀mí àwọn èrò wà lọ́wọ́ rọ́bà tí kò nípọn tó ìka ọwọ́.

Ohun tó tún ń bani nínú jẹ́ ni àbá tí àwọn kan máa ń dá bí rọ́bà náà bá ti já: wọn á ní kí á gbé púlì lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kí ó jó irin méjèèjì pọ̀. Owó rẹ̀ kéré, bẹ́líìtì yóò sì padà máa yí. Ṣùgbọ́n púlì tí wọ́n bá jó pọ̀ ti di irin kan ṣoṣo. Ó ti pàdánù rọ́bà bíi ti alumíníọ̀mù, ìwúwo irin òde rẹ̀ sì ti wá gan mọ́ kíráńkì gbagidi. Bí wẹ́dà kò bá sì jó o dọ́gba, yóò máa fì, yóò sì máa ja kíráńkì nígbàkígbà tó bá yí. Ẹni tó bá ṣe é nítorí àtidé ilé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà ni a lè dárí jì. Kí ó má ṣe sọ ọ́ di ohun tí yóò máa lò lọ.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà yẹ púlì yín wò kò le. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín irin inú àti irin òde bóyá rọ́bà náà ti sán, ti wú síta tàbí ti ń bọ́ ní wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín kan láti irin inú kọjá lórí rọ́bà dé irin òde. Ẹ lo ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún wò ó. Bí ìlà náà bá ṣì tọ́, ó dára. Bí ó bá ti gé sí méjì, tí apá kan wà níhìn-ín tí èkejì wà lọ́hùn-ún, irin òde ti ń yọ́, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún dúró lókèèrè wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́: bó bá ń fì bíi táyà tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ atọ́kọ̀ṣe. Ẹ má ṣe mú ọwọ́, ìborùn tàbí agbádá sún mọ́ bẹ́líìtì tó ń yí o.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, yálà ní Ládìpọ̀ ní Èkó, ní Gate ní Ìbàdàn tàbí nítòsí ilé, ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: púlì ọkọ̀ kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì bí ojú wọn tilẹ̀ jọra. Ẹ wo ìbú rẹ̀, iye ojú ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Bí owó bá wà, tuntun tó ní rọ́bà sàn ju tòkunbọ̀ lọ, nítorí pé rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó lókè òkun kó tó dé ibí. Bí tòkunbọ̀ bá jẹ́ dandan, ẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Kí atọ́kọ̀ṣe má sì fi òòlù gbá a wọlé, kí ó de bóòtì rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ là kalẹ̀.

Àwọn atọ́kọ̀ṣe wa ní ọwọ́ iṣẹ́, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ sì ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ladoke Akintola, LAUTECH, tó ti wà láti ọdún 1990, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yóò dára bí ìmọ̀ tó wà nínú ọgbà yẹn àti ọgbọ́n tó wà ní ọgbà àwọn atọ́kọ̀ṣe bá lè máa pàdé, nítorí pé ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Owó ìdílé àti ẹ̀mí èrò ló rọ̀ mọ́ ọn.

Ní àkópọ̀, bí púlì tó bá ọkọ̀ yín wá bá ní rọ́bà, ẹ fi onírọ́bà rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ní, fífúyẹ́ kò ní pa ẹ́ńjìnnì yín lára, ṣùgbọ́n kò ní dín owó epo yín kù débi tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra púlì aláwọ̀ mèremère náà, ẹ fi yẹ táyà, búréèkì àti bẹ́líìtì yín wò. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lọ, yóò sì máa ṣọ́ wa bọ̀.